Kòtò Fátúnmiṣe

Bí àlejò bá dé Ìdí-Àpáta, tó gbọ́ tí wọ́n ń wí pé, "'Tèmi ti jìn' ni Fátúnmiṣe fi sin ọmọ rẹ̀," yóò rò pé sàréè ni wọ́n ń sọ. Sàréè kọ́. Ọmọ ọ̀hún kò tilẹ̀ ní sàréè, ìyẹn gan-an ló bà mí nínú jẹ́ jù.

Ẹsẹ̀ òkè ni ìlú náà wà. Kí òjò tó dé lọ́dọọdún, agboolé kọ̀ọ̀kan a máa gbẹ́ ìpín tirẹ̀ nínú kòtò gígùn kan tó dábùú òkè, kí omi lè gba ibẹ̀ lọ sódò dípò kó máa rin sínú ilẹ̀, kí òkè má baà ya lulẹ̀. Fátúnmiṣe mọ ọkọ́ í lò, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Kòtò rẹ̀ a máa bo ènìyàn dé àyà. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ṣe ló ń dá àwọn tó ń kọjá dúró kí wọ́n lè wá wò ó.

Ìpín tó tẹ̀ lé tirẹ̀ nísàlẹ̀ jẹ́ ti Ìyá Ọ̀ṣúntóki, opó tí ìbàdí ríro kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àbẹ̀ní, ọmọ kan ṣoṣo tí Fátúnmiṣe fẹ̀bẹ̀ rí gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ní kí baba òun bá ìyá náà gbẹ́ ẹ, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ni. Baba ní ẹni tí kò bá lè gbẹ́ kòtò, kó kẹ́rù lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, omi inú tiyín, ibo ló ń lọ?"

"Tèmi ti jìn."

Ẹ wo ọmọ tó ní làákàyè, ẹ wo àgbà tí kò ní. Gbogbo omi tí kòtò jíjìn yẹn bá kó jọ, ìpín opó tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ni yóò dúró sí, tí yóò máa rin wọlẹ̀.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Fátúnmiṣe jí, kò bá Àbẹ̀ní nílé. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò rí ọkọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó sáré gòkè, ó ń pè é. Ó rí i nínú ìpín Ìyá Ọ̀ṣúntóki, tó ń yọ ẹrẹ̀. Ọmọ náà gbójú sókè. Ibẹ̀ ni òkè ti ya.

Gbogbo ìlú gbẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n rí ọkọ́, wọn kò rí Àbẹ̀ní. Nígbà tí wọ́n padà sílé, Fátúnmiṣe nìkan ló kù tó ń fọwọ́ wa ẹrẹ̀. Ìyá Ọ̀ṣúntóki tọ̀pá gòkè lọ bá a, ó ní kó jọ̀wọ́, ó tó.

Kò wòkè. Ó ní, "Kò tíì jìn, ìyá."

Wọn kì í pín kòtò mọ́ ní Ìdí-Àpáta. Gbogbo wọn ló ń gbẹ́ ẹ pọ̀ títí dé odò, síbẹ̀ òkè ṣì ń ya lọ́dún mìíràn. Bí ẹnì kan bá sì nu ọkọ́ rẹ̀ láti lọ sílé ṣáájú àwọn yòókù, àgbà kan á rọra sún mọ́ ọn, á ní: "'Tèmi ti jìn' ni Fátúnmiṣe fi sin ọmọ rẹ̀."