Téèpù Ara Sípánà Alága

Ọkùnrin kan wà tí kò fẹ́ràn "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó," kò sì fẹ́ràn "ó lé díẹ̀." Àwọn onílé àdúgbò rẹ̀ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í ṣe alága wọn. Kì í gba ẹ̀gúnjẹ. Bí ẹni méjì bá ń jà sí ààlà ilẹ̀, okùn ìwọnlẹ̀ ló máa ń mú dání lọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan tó ń lẹ táyà létí títì márosẹ̀ fò gun orí sípánà níbi tó ti ń dì táyà ọkọ̀ alága, bóòtù kan tó di táyà mú sì kán. Alága búra pé láti ọjọ́ náà lọ, òun ni yóò máa fi ọwọ́ ara òun dì í kẹ́yìn. Ó lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́, ó béèrè sípánà oníwọ̀n, irú èyí tí a ń yí nọ́ńbà rẹ̀ sí ibi tí a bá fẹ́, tí yóò sì dún "pẹ́" bí nọ́ọ̀tì bá ti le dé ibẹ̀. Obìnrin tó ń tà á kó mẹ́ta sílẹ̀. Èyí tó gùn jù, tó sì ń dán jù, ni alága kọ́kọ́ gbé.

"Ti tírélà nìyẹn, sà," ni obìnrin náà wí. "Iṣẹ́ kékeré kì í yé e. Èyí tí nọ́ńbà dídì tí ìwé mọ́tò yín sọ bá bọ́ sí àárín rẹ̀ ni kí ẹ mú. Ẹ má fi tú nọ́ọ̀tì o, dídì nìkan ni tirẹ̀. Bí ẹ bá sì ti lò ó tán, ẹ dá a padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó gbé e sínú páálí rẹ̀."

Alága mú ti àárín. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde. Ó rò ó pé bí òun bá ń yí nọ́ńbà sókè sódò, ọjọ́ kan á wà tí òun yóò ṣì í yí. Nítorí náà ó yí i sí àádọ́fà, bí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ṣe wí, ó fi téèpù dúdú wé e yípo kí ó má baà yẹ̀, ó sì jù ú sínú búùtù. Inú rẹ̀ dùn. Òṣùwọ̀n tirẹ̀ kò ní yí padà nítorí ẹnikẹ́ni.

Ní igun òpópónà wọn, fọganáísà kan wà tó ti ń lẹ táyà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan àti àga gbọọrọ kan ni gbogbo ohun tó ní lábẹ́ igi ìyeyè. Nígbàkigbà tó bá dì táyà alága tán, alága á fi sípánà rẹ̀ tú gbogbo nọ́ọ̀tì, á sì tún wọn dì títí wọn yóò fi dún. Ọdún kan kọjá bẹ́ẹ̀ kí fọganáísà tó sọ̀rọ̀.

"Alága wa, ẹ má bínú. Bí mo ṣe dì í yẹn ti tó. Èyí tí ẹ wá dì yìí, kò dì."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ sára ọwọ́ ẹ?"

Àwọn tó jókòó sórí àga bú sẹ́rìn-ín. Fọganáísà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

Kò pé oṣù kan, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ alága bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀tì ti dẹ̀. Alága ronú sí i bí olódodo ṣe máa ń ronú. Òun ló dì í kẹ́yìn, sípánà òun sì dún, nítorí náà ẹ̀bi kò lè jẹ́ tòun. A jẹ́ pé fọganáísà ti fi agídí ba ojú bóòtù jẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwọn onílé. Wọ́n bi fọganáísà bóyá ó ní ẹ̀rí. Ó ní ọwọ́ òun nìkan ni òun ní. Wọ́n fún un ní ọjọ́ méje láti kó kúrò ní àdúgbò. Ní ọjọ́ kẹfà, ó gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ sínú bárò, ó ń tì í lọ. Kò sí ẹni tó bi í pé níbo.

Alága pààrọ̀ gbogbo bóòtù. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì wọ́n. Sípánà dún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ wa ọkọ̀ náà lọ kí ìyá rẹ̀. Ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ló ti gbọ́ gbà-gbà-gbà lábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú. Orí ló kó o yọ tó fi rí etí títì dúró sí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi ìka méjì yí nọ́ọ̀tì kan, nọ́ọ̀tì náà yí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ débẹ̀, ó kó nọ́ọ̀tì mẹ́ta lé e lọ́wọ́.

"Bàbá Ibíyẹmí," ó ní, "ta la máa lé báyìí?"

Alága gbé sípánà rẹ̀ lọ sí ọgbà kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe, níbi tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán irú sípánà bẹ́ẹ̀ wò. Àádọ́fà ló wà lára rẹ̀. Orí àádọ́rin ló ti dún. Wọ́n tún un dán wò lẹ́ẹ̀mejì, àádọ́rin náà ni. Ọ̀gá ibẹ̀ fi èékánná ṣí igun téèpù náà.

"Ta ló lẹ èyí mọ́ ọn?"

"Èmi ni. Kó má baà yẹ̀ ni."

"Nọ́ńbà ni kò yẹ̀, sà. Sípíríńgì inú rẹ̀ ti wà ní fífún láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, ẹ ò jẹ́ kó sinmi rí. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kí nọ́ọ̀tì tó le dáadáa ló ti ń dún." Ó yí i wò. "Ẹ tún fi ń tú nọ́ọ̀tì, àbí?"

Alága ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wá fọganáísà náà kó tó rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, níbi tí mọ́tò kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ kọjá. Ó ṣàlàyé téèpù fún un, ó ṣàlàyé sípíríńgì, ó ṣàlàyé àádọ́rin. Ó ní kó padà sábẹ́ igi ìyeyè.

Fọganáísà gbọ́ ọ tán. Táyà kan ṣì wà lórí itan rẹ̀.

"Mo dúpẹ́, sà. Ṣé ẹ rí i, ẹ ti mú sípánà lọ síbi tí wọ́n ti dán an wò. Ẹni tó gbà á gbọ́ ju èèyàn lọ ńkọ́? Ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi ń dán ìyẹn wò?"

Ó tẹrí ba sórí táyà rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìwọ tí mò ń ṣe àkàwé yìí fún, mo mọ̀ pé o kì í gba ẹ̀gúnjẹ. Alága náà kì í gbà á. O jókòó nídìí tábìlì, ò ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kò ní ẹ̀rí kankan ju ọwọ́ wọn lọ, ohun tó bá sì dún létí rẹ lò ń pè ní òtítọ́. Láti ọjọ́ wo lo ti lẹ téèpù mọ́ òṣùwọ̀n rẹ, tí o ń pè é ní ìdúróṣinṣin? Ta lo ti jẹ́ kó dán an wò rí? Nígbà mìíràn tí ẹni tí ò ń dá lẹ́jọ́ bá wí fún ọ pé "kò dì," má béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o fi ọwọ́ ara rẹ yí nọ́ọ̀tì náà wò kí o tó fún un ní ọjọ́ méje. Ìka méjì péré ló gbà.