Bí Have Ṣe Di Ẹni Tó Ń Ṣíwájú I

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gbé pọ̀ bí ará ìlú kan, I ló máa ń ṣíwájú níbi gbogbo. Have, ìyàwó rẹ̀, á tẹ̀lé e. Never, ìyá Have, tó ti dàgbà, á máa rọra bọ̀ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ọba sọ, ńṣe ni wọ́n máa ń tò wọ ààfin. Ẹni tó bá wọlé á pe orúkọ ara rẹ̀ sókè. Ọba á to orúkọ wọn pọ̀, á sì gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Lọ́jọ́ kan, pẹ́pẹ́yẹ ọba sọnù. Wọ́n ní I ló jí i. I ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó kó ará ilé rẹ̀ jọ, ó sì bẹ Stolen, A àti Duck pé kí wọ́n wá bá òun tò, kí wọ́n lè sọ pé, "I have never stolen a duck." Ìyẹn ni pé òun ò jí pẹ́pẹ́yẹ rí.

"I!" ni I kígbe.

"Have!" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ṣùgbọ́n orúnkún ń dun Ìyá Never. Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn ààfin lọ́wọ́, Stolen tí kò ní sùúrù kọjá lára rẹ̀, ó sáré wọlé. A àti Duck tẹ̀lé e.

Ọba to orúkọ wọn pọ̀: "I have stolen a duck!" Ìyẹn ni pé I ti jí pẹ́pẹ́yẹ.

Ọba fò dìde. "Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́! Ẹ lé e kúrò nílùú!"

Have kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì sọ̀rọ̀ tán!"

"Ẹ lọ tún un tò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún yín."

Níta, Ìyá Never ní, "Èmi ni mo máa ṣíwájú lọ́tẹ̀ yìí. Have, wá di ọwọ́ mi mú, kí n má baà ṣubú."

"Màmá, èmi wá ńkọ́?" ni I bèèrè. "Ṣé kí n máa tẹ̀lé ìyàwó mi lójú gbogbo ayé?"

Have wò ó. "Ọkọ mi, ẹ mú ọ̀kan. Ṣé ẹ máa ṣíwájú wa jáde nílùú ni, àbí ẹ máa tẹ̀lé wa wọ ààfin?"

I bọ́ sẹ́yìn.

"Never!" Ohùn màmá náà mi ògiri tìtì. "Have!" "I!" "Stolen!" "A!" "Duck!"

Kó tó kan Have ni ọba ti fara balẹ̀ sórí ìtẹ́. "Never kẹ̀? Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ máa lọ sílé yín."

Lójú ọ̀nà, Ìyá Never bá àna rẹ̀ ṣàdéhùn. "Tí mo bá wà ní àyè mi lẹ́yìn, ìwọ ni kó o máa ṣíwájú. Àmọ́ ọjọ́ tí mo bá bọ́ síwájú, ọmọ mi ló máa di ọwọ́ mi mú."

I gbà.

Rarely, Seldom àti Hardly, àwọn àbúrò Ìyá Never, gbọ́. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí Have ò bá sí, wọ́n á ké sí Do, aládùúgbò wọn, kó wá di ọwọ́ wọn mú: "Rarely do I sleep," ìyẹn ni pé ó máa ń ṣọ̀wọ́n kí n sùn.

Láti ọjọ́ náà ni I ti ń bọ́ sẹ́yìn Have nígbàkigbà tí Never bá gba iwájú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa nínú ìwé yín: níbi tó wà lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ náà, lẹ́tà ńlá ló ṣì ń wọ̀.