Àmín Tó Dí Sójà Lẹ́nu

Obìnrin kan wà tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí jẹ́ sójà. Ọmọ náà lọ sógun, ó sì padà wálé láàyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dì ní ìkúùkù, kò ṣeé ṣí. Dókítà yẹ egungun wò, ó yẹ iṣan wò, ó ní òun kò rí ohun tó ṣe é. Ìyá fi òrí pa á títí, pàbó ló já sí. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ kó tó dé, àmọ́ sójà náà kò gbà kí wọ́n gbé ìkókó náà fún òun rárá. Ẹ̀rù ń ba ìyá rẹ̀ pé orí ọmọ òun ti fẹ́ dàrú.

Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá ń jẹun, ọkùnrin náà á dédé sọ pé, “Lọ́jọ́ tí a dé etí odò yẹn…” Kíá ni ìyá rẹ̀ á já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu: “O ò ní rí irú ẹ̀ mọ́! Ojú rẹ ò ní rí ibi!” Ta ló máa gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣe àmín? Ọkùnrin náà á ṣe àmín, á sì dákẹ́. Má bú ìyá yìí o. Ìfẹ́ ló ń mú un ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan wọlé tọ̀ wọ́n wá.

“Èmi ni bàbá Oyèwùmí tí ẹ jọ wà lójú ogun,” ló wí. “Wọ́n ní omi ló gbé e lọ. Sọ bó ṣe kú fún mi.”

Ìyá ti la ẹnu àdúrà. Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tèmi ló kú. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́.”

Ọkùnrin náà bá sọ ọ́. Ọkọ̀ wọn já sódò níbi tí wọ́n ti ń sá fún ìbọn. Ó fi ọwọ́ òsì di gbòǹgbò igi mú, ó fi ọ̀tún di Oyèwùmí mú, omi sì ń fa àwọn méjèèjì lọ.

“Ó ń pè mí, bàbá. Ó ní kí n má fi òun sílẹ̀. Èmi ni mo ṣí ọwọ́.”

Ó bú sẹ́kún. Níbi tó ti ń sunkún ni ìka mẹ́ta ti ṣí. Èékánná ti wọnú ẹran àtẹ́lẹwọ́ lọ, ibẹ̀ ti jẹrà, ó ń rùn. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bojú. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló ti ń fi òrí pa láti ọjọ́ yìí wá.

Bàbá náà kò sọ pé òun dárí jì í. Ó jókòó tì í títí ó fi sunkún tán, ó sì lọ sọ ọ́ fún ìyá Oyèwùmí nílé. Ìka méjì yòókù kò ṣí mọ́ láéláé.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ẹni tó ti ogun dé wà nílé rẹ. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹnu náà la fi ń sọ ọ́. Bó bá la ẹnu, jókòó, jẹ́ kó sọ ọ́ dé ibi tó burú jù. Yóò dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí o kò bá jẹ́ kó fi ẹnu sọ, ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́. Tí ó bá sọ tán, kí o wá gbàdúrà. Ọlọ́run kò ní bínú pé o kọ́kọ́ gbọ́ ọmọ rẹ.