Ọdẹ́jínmí àti Gìtá Tí Ń Kùn ní Igbó Agbóhùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn. Kí ẹni tí ń jẹun máa jẹ ẹ́ lọ, kí ẹni tí ọmọ ń sùn lórí itan rẹ̀ rọra tẹ́ ẹ sórí ẹní, nítorí ìrìn tí Ọdẹ́jínmí rìn ni mo fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ìrìn tí a ń fi ìdúró gbọ́. Ní Ìgbòrò-Òkè ni wọ́n ti bí ọkùnrin yìí. Ọdẹ ni Ọdẹ́kúnlé bàbá rẹ̀, ọdẹ ni òun náà. Ṣùgbọ́n bí Ọdẹ́kúnlé bá ti fi ìbọn kọ́ ara ògiri, gìtá ni ó máa ń gbé lé itan, gìtá pupa kan tí ń lo iná mànàmáná, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí omi tí ń kán sínú ìkòkò tútù. Gìtá yìí ni ó fi ṣe orin kan fún Àwẹ̀ró nígbà tí ó ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Orin náà kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ìka ni ó ń sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Ọdẹ́kúnlé kú, Àwẹ̀ró pa ẹnu dé. Kò bá ọmọ sọ̀rọ̀, kò bá ará ilé sọ̀rọ̀, oúnjẹ tí wọ́n bá gbé ka iwájú rẹ̀ a máa tutù títí eṣinṣin yóò fi gbà á ní tirẹ̀.

Ọdẹ́jínmí gbà lọ́kàn rẹ̀ pé orin yẹn nìkan ni ó lè pe ìyá òun padà. Ṣùgbọ́n etí ìyá ti wúwo. Bí wọn kò bá so gìtá mọ́ àpótí agbóhùnsókè, kò lè gbọ́ ọ. Nígbà tí ó sì so ó, kí ni ó jáde? Hùùùùn! Ariwo kan ń kùn bí oyin tí wọ́n tì mọ́ inú àgbá, òmíràn sì ń ta pàrà-pàrà lórí rẹ̀ bí iyọ̀ tí wọ́n dà sínú iná. Orin náà rì sáàárín ariwo méjèèjì bí ẹni tí ó já sódò. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ di etí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Mórádékẹ́, ìyàwó Ọdẹ́jínmí, sáré fa wáyà yọ lára ògiri. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró! Ẹ ò rí i pé ẹ ń dá Màmá lóró ni?"

"Mo rí i," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, ìyá mi yóò kú lójú mi. Wọ́n ní àwọn iwin tí ó ni ìró ayé ń gbé ní Igbó Agbóhùn. Mò ń lọ bá wọn."

"Àwọn tí ó lọ síbẹ̀ ńkọ́, tí a ò rí wọn mọ́?"

"Máa fún un ní omi ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀ títí n óò fi dé."

Báyìí ni ó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn, ó gbé àpótí rù, ó fi ìbọn kọ́ èjìká, ó sì wọ igbó lọ. Igbó tí ó wọ̀ kì í ṣe irú èyí tí ó ti ń pa ẹran. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀, igi a tún ìró ẹsẹ̀ náà sọ. Bí ó bá mí, ewé a mí pẹ̀lú rẹ̀. Odò ibẹ̀ ń ṣàn láìdún, àwọn òkúta etí rẹ̀ ni ó ń rẹ́rìn-ín. Láàárín igbó náà ni igi àràbà kan wà tí mànàmáná ń sùn sínú rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń tàn yanranyanran lábẹ́ ilẹ̀ káàkiri igbó.

Ní ẹsẹ̀ àràbà yìí ni iwin kan ti dìde sí i. Elétí-Lára ni orúkọ rẹ̀. Etí hù ní àyà rẹ̀, etí hù ní ẹ̀yìn rẹ̀, etí hù ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí olú ti ń hù lára igi tí ó ti jẹrà.

"Ta ni ó gbé ariwo wá sí ẹnu ọ̀nà mi?"

"Èmi Ọdẹ́jínmí ọmọ Ọdẹ́kúnlé ni. Gìtá mi ń kùn, mo wá ìwòsàn rẹ̀ wá."

Iwin náà fi gbogbo etí gbọ̀n rìrì. "Ta ni ó sọ fún ọ pé gìtá ni? Gìtá, wáyà, àpótí, gbogbo wọn ni o gbé wá. Fi ẹni tí ó jẹ̀bi hàn mí. Bí o bá dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi níwájú mi, n óò gba etí rẹ kún tèmi."

Ẹ̀rù ba Ọdẹ́jínmí, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Ó rántí bí òun ti ń ṣe nígbà tí ẹran bá sá wọ pápá: òun a dí ọ̀nà kan, òun a tẹ́tí, òun a tún dí òmíràn. Ó so àpótí mọ́ gbòǹgbò àràbà, ó so gìtá mọ́ àpótí, kíkùn sì bẹ̀rẹ̀. Ó fa wáyà gìtá yọ lára àpótí. Kẹ́kẹ́ pa. "Àpótí kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀," ni ó wí. "Ẹ yá mi ní wáyà kan tí ẹ mọ̀ pé kò ní àbùkù." Elétí-Lára fa wáyà kan jáde láti inú ìdodo rẹ̀, ó gùn ó sì ń dán. Ọdẹ́jínmí fi í pààrọ̀ tirẹ̀, kíkùn náà kò yí padà rárá. "Wáyà mi náà bọ́. Gìtá ni, kò sí ẹlòmíràn."

Iwin náà rẹ́rìn-ín, àwọn etí rẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Ó gba wáyà rẹ̀ padà, ó sì ṣí ọ̀nà fún un.

Ọ̀nà yìí gbé e dé ilẹ̀ gbígbẹ kan tí erukú bò, níbi tí Ìyá Pàràpàrà jókòó sí. Irun obìnrin náà ń ta iná ṣáṣá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ó ní, "Ọdẹ, mo gbọ́ ohùn mi nínú gìtá rẹ. Nígbà wo ni mo máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Ọdẹ́jínmí so gìtá mọ́ àpótí, ó so àpótí mọ́ gbòǹgbò àràbà tí ó gba ibẹ̀ kọjá, ó sì tẹ́tí. Kíkùn ń lọ láìdánu dúró, ṣùgbọ́n pàrà-pàrà kò jáde àfi ìgbà tí ó bá yí bọ́tìnnì ara gìtá tí ń mú ohùn ròkè. "Inú bọ́tìnnì yìí ni ẹ ń gbé, ìyá. Ìgbà tí mo bá yí i ni ẹ ń dáhùn."

Kí ó tó tú u, ó kọ́kọ́ fa wáyà yọ kúrò lára gbòǹgbò. Erukú ọdún pípẹ́ ni ó bá nínú bọ́tìnnì. Ìyá Pàràpàrà fún un ní omi kan tí ń gbẹ kí ó tó tutù. Ó kán an sí i, ó yí bọ́tìnnì síwájú, ó yí i sẹ́yìn, títí ó fi ń lọ geere. Nígbà tí ó tún so gìtá, pàrà-pàrà ti lọ. Hùùùn nìkan ni ó kù.

"Kí ni o tún ń wá kiri?" ni obìnrin náà wí. "Gba aṣọ yìí, fi bo ojú àpótí, kíkùn yóò dákẹ́ lójú ẹsẹ̀."

Ó fi bò ó, ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Inú Ọdẹ́jínmí dùn, ó ti fẹ́ ṣẹ́rí padà sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ta okùn tínrín, ohùn náà jáde gbọ̀dọ̀gbọdọ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀. Aṣọ náà ti gbé kíkùn mì, ó sì ti gbé ìdajì orin mì pẹ̀lú. Ọdẹ́jínmí ká aṣọ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà.

Iná ṣẹ́ yọ lórí obìnrin náà, ó jó irun ojú ọdẹ. "O kọ ẹ̀bùn mi?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ohùn tínrín wọ̀nyẹn ni bàbá mi fi ń pe orúkọ ìyá mi. Bí ẹ bá gbé wọn mì, kí ni n óò fi pè é?"

Ìbínú Ìyá Pàràpàrà rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ju ẹ̀ta iná kan láti inú irun rẹ̀ sí ọ̀nà àfonífojì, ó ní kí ó tẹ̀ lé e.

Baba Abẹ́lẹ̀ ni ó wà ní ìsàlẹ̀ àfonífojì náà. Amọ̀ ni orí rẹ̀, koríko ni irùngbọ̀n rẹ̀, ilẹ̀ sì gbé e mì dé àyà. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. "Ọmọ Ọdẹ́kúnlé, ọ̀dọ̀ mi ni ó yẹ kí ariwo bẹ́ẹ̀ wá sùn sí. Kí ni ó dí tirẹ lọ́nà?"

Ọdẹ́jínmí so gìtá, ó gbé ọwọ́ lé okùn. Kíkùn kò yí padà. Ó gbé ọwọ́ lé irin ẹnu ihò tí wáyà ń wọ̀. Kíkùn dákẹ́ lọ́gán! Ó gbé ọwọ́ kúrò, kíkùn padà. Ó tún gbé e lé e, kíkùn dákẹ́. "Baba, ọ̀nà tí ariwo ń gbà lọ sínú ilẹ̀ ṣí níhìn-ín, ó dí lọ́dọ̀ okùn. Nǹkan já láàárín wọn." Ó yọ wáyà, ó tú ikùn gìtá, ó sì rí i: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó yẹ kí ó so mọ́ irin tí ó gbé okùn ró ti já, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ti jẹ ẹnu rẹ̀.

"Òjé ń bẹ lọ́wọ́ mi, iná ń bẹ lọ́wọ́ mi," ni Baba Abẹ́lẹ̀ wí. "Jẹ́jẹ̀ẹ́ fún mi pé èmi ni n óò kọ́kọ́ gbọ́ orin ìyá rẹ, n óò sì fún ọ."

"Baba, n kò lè jẹ́jẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ilẹ̀ là, ó gbé Ọdẹ́jínmí mì dé orúnkún. Iwin náà tún bi í léèrè, ó tún kọ̀. Ilẹ̀ gbé e mì dé ìbàdí. Òtútù wọ inú egungun rẹ̀, ìbẹ̀rù sì mú un, síbẹ̀ ó gbé gìtá sókè kí ẹrẹ̀ má bàa kàn án. Ó ní, "Ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe orin yẹn fún. Orin ọdẹ wà lọ́wọ́ mi tí èmi fúnra mi ṣe. Ìyẹn ni mo lè fún yín. Bí kò bá tó, ẹ máa gbé mi mì lọ."

Ilẹ̀ dúró. "Púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá síbí," ni Baba Abẹ́lẹ̀ wí, "ni ó ti ta ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe, kí wọ́n tó tún un ṣe." Ilẹ̀ bì í síta, iwin náà sì fún un ní òjé àti iná. Ọdẹ́jínmí ha ìpẹtà kúrò, ó fi òjé gbígbóná jó wáyà náà mọ́ irin, ó sì fi orin ọdẹ dá iwin náà lára yá títí koríko irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń jó. Kíkùn kankan kò sí.

Nígbà tí ó délé, Àwẹ̀ró ti gbẹ bí igi ìdáná. Ọdẹ́jínmí kò tilẹ̀ fọ ẹsẹ̀. Ó so gìtá, ó gbọ́ kíkùn kékeré kan tí ó ń ti ara gílóòbù iná wá. Ó yí ara rẹ̀ àti gìtá padà kúrò lọ́dọ̀ iná náà díẹ̀díẹ̀ títí ìyẹn náà fi pòórá. Ó wá ta orin bàbá rẹ̀. Ìyá ti ń gbé ọwọ́ lọ sí etí, ọwọ́ náà sì dúró lójú ọ̀nà, ó rọra sọ̀ kalẹ̀.

"O ń yára jù níbẹ̀ yẹn," ni Àwẹ̀ró wí, ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí rí. "Bàbá rẹ máa ń dúró kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín."

Mórádékẹ́ figbe ta. Ọdẹ́jínmí tún orin náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó dúró. Ìyá rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, bí ariwo bá bo ohun tí ẹ fẹ́ràn mọ́lẹ̀, ẹ má fi ìbínú fọ́ ọ. Ẹ yọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ́tí, kí ẹ tún yọ òmíràn. Ẹ má sì gba ìdákẹ́jẹ́ tí yóò kó orin lọ pẹ̀lú ariwo, bí ó ti wù kí ó yá tó. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Kí ẹni tí ẹ ń retí ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sùn.