Kò Sẹ́nìkan Nílé, Èmi Nìkan Ni

Ìdákẹ́jẹ́ kò ṣeé kí.
Ẹnu tó bá jẹ́ ìpè ni a fi ń mọ̀ pé ilé lérò.
Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni ará ilé ń bá a pè é.
Àwọn ni wọ́n dífá fún Àwẹ̀ró, opó Adégún, níjọ́ tó ń fi omi ojú sògbérè ilẹ̀ oko.

Àwẹ̀ró kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìlú Ìlódò ni ọkọ rẹ̀ gbé e wá, ibẹ̀ náà ló kú fi í sí pẹ̀lú ọmọbìnrin méjì. Ní Ìlódò, baálẹ̀ ló ń pín ilẹ̀ oko. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, Ajíbọ́yè akéde yóò kó èèkàn, yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ké pé, "Ta ló wà nílé o?" Ẹni tó bá jẹ́ ìpè ni yóò gba èèkàn, ibi tó bá sì kàn án mọ́ ni oko rẹ̀ lọ́dún náà.

Ọdún tí Adégún kú, Ajíbọ́yè dé ẹnu ọ̀nà, ó pè. Àwẹ̀ró dáhùn láti ìdí ààrò pé, "Kò sẹ́nìkan nílé o, èmi nìkan ni."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ta nínú yín ni kò tíì sọ ọ́ rí? Etí Ajíbọ́yè kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló gbọ́. Ó ní, "Ó dáa, kò sẹ́nìkan." Ó kó èèkàn rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dún kejì. Àwẹ̀ró tọ baálẹ̀ lọ. Baálẹ̀ wò ó lójú kòró, ó ní ojúlé Adégún ti ṣófo, akéde ló wí bẹ́ẹ̀. Ó dun obìnrin yìí wọ egungun. Àgbàdo tó kù nínú àká kò tó nǹkan mọ́. Bí kò bá rí ilẹ̀ lọ́dún kẹta, yóò kó àwọn ọmọ padà sílé bàbá rẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀ yóò sì parẹ́ ní Ìlódò.

Ló bá tọ àwọn awo lọ. Wọ́n ní ire ilẹ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló fi ń lé e. Wọ́n ní kó fi ẹyẹlé méjì bọ orí rẹ̀, kó bu ti Èṣù, kó dín àkàrà, kó gbé e dé ojúlé mẹ́rìndínlógún. Ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, kó dárúkọ ara rẹ̀ kó tó gbé e kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, "kò sẹ́nìkan" di èèwọ̀ rẹ̀.

Ẹyẹlé kò nira. Àkàrà kò nira. Orúkọ yẹn ló nira. Ní ojúlé kìíní, ó kan ilẹ̀kùn, ó dúró.

Onílé ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Èmi Àwẹ̀ró, ìyàwó Adégún."

"Háà! Ṣé o ṣì wà nílùú yìí ni?"

Àwẹ̀ró sunkún díẹ̀ lọ́nà, ó sì gba ojúlé kejì lọ. Nígbà tó fi dé ojúlé kẹrìndínlógún, kò dúró kí wọ́n bi í mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ajíbọ́yè dé. Kó tó lanu, àbúrò ọkọ Àwẹ̀ró, tó ti ń fojú sí ìpín ilẹ̀ ojúlé náà, ké láti ìta pé, "Baba, ẹ máa kọjá lọ. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀."

Àwẹ̀ró ju orógùn sílẹ̀, ó jáde. "Ẹnìkan wà níbẹ̀! Èmi Àwẹ̀ró, aya Adégún, èmi àtàwọn ọmọ mi méjèèjì la wà nílé. Ẹ fún wa ní èèkàn tiwa!"

Èṣù Ọ̀dàrà, tó ti gba tirẹ̀, ti àwọn aládùúgbò jáde. Wọ́n ń pariwo pé, "Àwẹ̀ró wà níbẹ̀! Àkàrà rẹ̀ la jẹ!" Àbúrò ọkọ bá tirẹ̀ lọ.

Ajíbọ́yè ní, "Ọmọ mi, má bínú. Ọdún méjì ni mo ti ń pè ọ́." Èèkàn mẹ́ta ló kó lé e lọ́wọ́, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan.

Àwẹ̀ró kàn án mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń yin awo, awo ń yin Ifá. Ẹ rúbọ, ẹ gbọ́ràn, kẹ́ ẹ sì máa jẹ́ ìpè. Ire ń lọ láti ojúlé dé ojúlé bí akéde. Bí ẹ bá ní kò sẹ́nìkan nílé, ta ni kó gbé e fún?