Ìka Mẹ́wàá fún Ẹgbẹ́ Alákàsọ̀

Ẹgbẹ́ ńlá méjì ló ń du ipò ààrẹ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kẹta, ẹgbẹ́ alákàsọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ni Akínlàbí lébìrà ń pariwo kiri. Ó ti búra fún àwọn tí wọ́n jọ ń po kọnkéré pé bí ẹgbẹ́ òun kò bá rí ìbò kankan ládùúgbò, kí wọ́n máa pe òun ní òbúkọ.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò síta, ẹyọ kan péré ni alákàsọ̀ rí. Akínlàbí fò sókè.

"Ìbò mi nìyẹn! Ta ni òbúkọ?"

Òṣìṣẹ́ ìbò tún gbé ìwé kan sókè. Àmì ìka kún un láti òkè délẹ̀.

"Ìka kan la ní kí ẹ tẹ̀. Èyí ti bàjẹ́."

Gbogbo ojú yí sí ọwọ́ Akínlàbí. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló dúdú fún tàdáwà.

"Mo fẹ́ kó wúwo ni," ló ń kùn.

"Àṣejù, baba àṣetẹ́," ni Ṣíjúadé ìyàwó rẹ̀ wí. "Bàbá Ìbídùn, ẹyọ kan tó yọ yín yẹn, tèmi ni. Mo dì í kí ẹ lè jẹ́ kí etí mi sinmi."