Àjàdí àti Táńkì Omi Abẹ́-Òkè

Ní ìlú Abẹ́-Òkè, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àjàdí. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kan, onítáyà mẹ́fà, méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, tó fi ń kó iṣu àti èédú rẹ̀ lọ sí ọjà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti ń wa ọkọ̀, kò pa ewúrẹ́ rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí o bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, yóò dá ọ lóhùn pé, “Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ewúrẹ́ kan ò kú.”

Ní ọdún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ mú ìlú náà. Kànga gbẹ, àmù gbẹ. Odò kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù wà ní òdìkejì òkè, ìrìn wákàtí méjì fún ẹni tó ru omi lórí. Ìyàwó Àjàdí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Wúrà, ló ń ṣètò bí àwọn obìnrin yóò ṣe máa pọn omi fún ilé ìgbẹ̀bí. Omi náà kò tó. Nọ́ọ̀sì ti wí pé bí ọ̀sẹ̀ méjì bá tún kọjá báyìí, òun yóò ti ilẹ̀kùn, nítorí a kì í gbẹ̀bí pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ. Aboyún mẹ́sàn-án ló sì ń ka oṣù nígbà náà.

Ní àkókò yẹn ni àwọn tó ń la ọ̀nà nítòsí parí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì fi táńkì omi kan sílẹ̀ fún ìlú. Táńkì náà jókòó lórí táyà méjì. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ kí ọkọ̀ tó lè fà á. Gbogbo ojú yí sí Àjàdí. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ní kó kọ́kọ́ lọ bi àwọn tó ń fún ni ní ìwé ìwakọ̀ bóyá ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àjàdí lọ sí Ìlárá-Odò, níbi tí ọ́fíìsì náà wà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé ló bá lórí ìjókòó. Abọ́sẹ̀dé yẹ ìwé náà wò, ó yí i padà, ó tún yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

“Bàbá, ìwé yín dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yín nìkan ló wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ fa ẹrù tó wúwo tó èyí ní láti ṣe ìdánwò mìíràn.”

“Ìdánwò? Èmi Àjàdí? Ọmọ mi, ta ni bàbá rẹ?”

“Bàbá mi ò sí nínú ìdánwò náà, bàbá.”

“Omi lásán ni mo fẹ́ fà.”

“Dúrọ́ọ̀mù mélòó?”

“Ogún.”

Abọ́sẹ̀dé rọra gbé bírò sílẹ̀. “Dúrọ́ọ̀mù omi kan wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin. Ọgọ́rin àpò sìmẹ́ǹtì ni yóò máa tẹ̀lé yín lẹ́yìn.”

“Omi ni mo wí, n kò wí sìmẹ́ǹtì! Omi tí ọmọ ọwọ́ ń gbé mì!”

“Ẹ gbé ogún dúrọ́ọ̀mù mì ná, kí n wò yín.”

Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló bí Àjàdí nínú jù. Abọ́sẹ̀dé ṣàlàyé fún un pé táńkì náà gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀, pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù àti bí a ṣe ń fi í rìn sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ìwọ ni yóò wá gbẹ̀bí fún wọn?” Àjàdí dìde, ó gba ìwé rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tó délé, Ìyá Wúrà bi í pé, “Bàbá Wúrà, kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní ìwé mi dára.”

“Gbogbo ohun tí wọ́n wí nìyẹn?”

“Wọ́n tún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ariwo pọ̀ níbẹ̀, n kò gbọ́ ọ tán.”

Ìyá Wúrà wò ó títí. Òùngbẹ ni kò jẹ́ kó bi í síwájú sí i. Ó lọ sọ fún àwọn obìnrin pé omi ń bọ̀ lọ́la.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àjàdí so táńkì mọ́ ìdí ọkọ̀, ó lọ sódò, ó rọ omi kún un dé ẹnu. Bó ṣe ń gun òkè bọ̀, ẹ́ńjìnnì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí akọ màlúù tó gbẹ́rù. Nígbà tó dé abúlé tó wà lórí òkè, ó dúró, ó sì fún àwọn ará ibẹ̀ ní ìdajì omi náà. Ó ṣe é tàánútàánú, ó sì tún ní ọgbọ́n tirẹ̀ nínú: ó rò pé bí omi bá ti dín kù, ẹrù ti fúyẹ́ nìyẹn. Kò mọ̀ pé omi tó kún táńkì máa ń jókòó jẹ́ẹ́, èyí tó dé ìdajì ló ń sáré lọ sáré bọ̀.

Àṣà àwọn awakọ̀ agbègbè wa sì ni pé bí wọ́n bá ti dé ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọn a yọ jíà, wọn a jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, kí epo má baà jó dànù. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Àjàdí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣe é lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n táńkì kò gbọ́. Omi inú rẹ̀ rọ́ wá síwájú, ó ta ọkọ̀ nídìí gbàà, bí ìgbà tí àgbò kan ilẹ̀kùn. Ó tún tẹ bíréèkì, èéfín ló jáde. Ó wá jíà, jíà kọ̀, kò wọlé. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí àwọn obìnrin ní ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n tò sí àárín ọ̀nà pẹ̀lú garawa àti abọ́ wọn. Ìyá Wúrà ló wà níwájú, ó ń juwọ́ sí i. Wọ́n rò pé ayọ̀ ló ń sá bọ̀ wá fi pàdé wọn.

Àjàdí tẹ fèrè mọ́lẹ̀, kò gbé ọwọ́ kúrò. Àwọn mìíràn sá, àwọn mìíràn dúró bí òpó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni oko àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Láṣùpọ̀ wà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Ó fi ọkọ̀ kọjú sí i. Ebè kìn-ín-ní fọ́, èkejì fọ́, ẹ̀kẹta fọ́, ọkọ̀ ń fò, ó ń balẹ̀. Irin tó so táńkì mọ́ ọn já, táńkì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọkọ̀ sì rì sáàárín ebè, ó dúró.

Gbogbo omi tú dà. Ó ṣàn gba ojú ọ̀nà lọ bá àwọn obìnrin, ó kọjá láàárín ẹsẹ̀ wọn, abọ́ gbígbẹ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Wúrà sáré wá. Ó fọwọ́ kan orí ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò.

“Ṣé kò sí ibi tó ń dùn yín?”

“Kò sí. Ìwọ ńkọ́? Àwọn yòókù ńkọ́?”

“Kò sẹ́ni tó fara pa. Ẹsẹ̀ wa ló tutù.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín, tẹkúntẹkún. Láṣùpọ̀ náà yọ láti inú oko rẹ̀, ó wo ilẹ̀ yíká. “Bàbá, ebè mọ́kànlá lẹ wó, ẹ sì bomi rin ìyókù. N kò tilẹ̀ mọ èyí tí n bá sọ, ẹ ṣeun àbí ẹ pẹ̀lẹ́.”

Àjàdí kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló gun ọ̀kadà lọ sí Ìlárá-Odò. Ó dúró níwájú Abọ́sẹ̀dé, ó ṣí fìlà.

“Bàbá, kí ló mú yín padà kíákíá báyìí?”

“Ọmọ mi, táyà mẹ́fà ni ọkọ̀ mi ní. Mo rò pé bí mo bá so táńkì mọ́ ọn, tí mo ka gbogbo rẹ̀ sí ẹyọ kan, mo kàn fi ọ̀kan kún ẹ̀fà ni, ó di èje. Ta ni èje ń bà lẹ́rù? N kò ka omi tó ń sáré nínú rẹ̀. N kò ka gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. N kò ka ìyàwó mi tó dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú abọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà yẹn, ó ju èje lọ.”

Abọ́sẹ̀dé fa àga fún un. “Ẹ jókòó, bàbá. Ọ̀la la ó bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ kan wà níbí tó ní irú ìwé náà. Bí wẹ́dà bá ti jó irin táńkì pọ̀, tí wọ́n sì fi bíréèkì sí i, yóò máa bá yín fa omi títí ẹ ó fi yege.”

“Kí ló dé tí o kò wí bẹ́ẹ̀ lánàá?”

“Ẹ ti jáde kí n tó dé ibẹ̀.”

Àjàdí kọ́ ọ. Ó kọ́ pé bí a bá ń fi táńkì rìn sẹ́yìn, tí a fẹ́ kó yà sọ́tùn-ún, òsì là ń yí ọwọ́ sí. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọ́ lẹ́mìí. Ó wó ògiri ọ́fíìsì díẹ̀ nígbà ìdánwò àkọ́kọ́, wọ́n ní kó padà wá. Ó padà lọ, ó sì yege.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé omi tirẹ̀ wá, jíà kìn-ín-ní ló fi sọ̀ kalẹ̀, ó lọ́ra débi pé àgbébọ̀ adìyẹ kan kó ọmọ rẹ̀ sọdá níwájú rẹ̀ láìsáré. Ilé ìgbẹ̀bí kò ti ilẹ̀kùn. Àwọn aboyún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bímọ níbẹ̀, wọ́n sì wẹ àwọn ọmọ náà mọ́ tónítóní.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń wí pé ibi tí wọ́n ti ń ka owó ẹyọ ni òwe ẹ̀fà àti èje yìí ti wá. N kò bá wọn jà. Kí wọ́n kọ tiwọn. Ní Abẹ́-Òkè, bí ẹnìkan bá wo ọ̀rọ̀ kan lóréfèé tó sì pè é ní kékeré, àwọn àgbà kì í bá a jiyàn, wọn a ní kó rọra ṣe, nítorí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.